Ṣọ́ọ̀kì BMW E46 coupe: bẹ́ ẹ ṣe máa ra èyí tó bá mọ́tò yín mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Àwa tá à ń wa E46, ìyẹn BMW 3 Series àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì (coupe) l'Ékòó, àìmọye wa ló ti ra ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ẹ ra àkọ́kọ́, ẹ rò pé ó ti tán, kó tó tó oṣù mẹ́ta iwájú ti tún ń fì bíi ọkọ̀ ojú omi, àbí kó wá le débi pé tẹ́ ẹ bá wà á láti Ìkẹjà dé Fẹ́stàkì, ẹ̀yìn lẹ máa máa fọwọ́ rà tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe mẹ́kánííkì ló ń jẹ̀bi nígbà gbogbo (ó lè jẹ́ òun náà o, mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni), ohun tí mo máa ń rí jù ni pé ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n rà ò bá sípíríǹgì tó wà nídìí mọ́tò yẹn mu. Wọ́n kàn wọ ọjà, wọ́n ní "ẹ fún mi ní ti BMW 3 Series", wọ́n sì fún wọn. Ti BMW 3 Series wo? Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn ká tó bẹ̀rẹ̀: ṣọ́ọ̀kì kì í gbé mọ́tò dúró o, sípíríǹgì ló ń gbé e. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí sípíríǹgì máa jó lọ tí mọ́tò bá ti bọ́ sí gálọ́ọ̀pù tó sì ti jáde. Nítorí náà sípíríǹgì lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀, ẹ tó wá ṣọ́ọ̀kì tó máa bá a gbé.

E46 coupe ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí BMW ṣe láti 1999 sí 2006, pàápàá 325Ci àti 330Ci nítorí àwọn ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Tó bá jẹ́ Celica tàbí Mustang lẹ̀ ń wà, ọ̀nà kan náà ni, nọ́ńbà lẹ kàn máa pààrọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sọ́wọ́ kọ́kọ́

- Ṣáásí nọ́ńbà mọ́tò yín, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 17. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní igun dáṣíbọọ̀dù.
- Fọ́ọ̀nù tó ní dátà, tó sì lè ya fọ́tò tó mọ́.
- Tọ́ọ̀ṣì, àkísà, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ.
- Jáàkì kan àti ìdúró jáàkì méjì. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ìdúró jáàkì o, ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.
- Sipánà 13 àti 18.
- Ìwé àti bírò. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, tí èèyàn bá ti dé àárín ọjà, gbogbo nọ́ńbà tó há sórí ló máa ń fò lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé ṣọ́ọ̀kì ni lóòótọ́?

Ẹ má fi ariwo dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú kì í sábà pariwo, ńṣe ló máa ń jẹ́ kí mọ́tò máa jó. Ẹ̀yìn E46 ní àìsàn kan tí gbogbo ẹni tó ń ṣe BMW mọ̀ dáadáa: mounting tó di orí ṣọ́ọ̀kì mú mọ́ ara mọ́tò, ròbà inú ẹ̀ máa ń já, á wá máa dún kó-kó-kó lábẹ́ búùtù tẹ́ ẹ bá gun bọ́ǹpù. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti rí ẹni tó ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tuntun méjì nítorí ariwo yìí, tí wọ́n bá a dè é, tí wọ́n tún dá mounting àtijọ́ yẹn padà sórí ẹ̀, tí ariwo ò sì lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ ṣí búùtù, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrò, ẹ máa rí nọ́tì 13 méjì níbi tí mounting ti gba inú mọ́tò jáde. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀, kí ẹlòmíì máa fi ìdí ti ẹ̀yìn mọ́tò sísàlẹ̀, kó máa tú u sílẹ̀. Tí nǹkan bá ń ta yín lọ́wọ́, mounting ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Ti iwájú, tí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bírékì, búúṣì ńlá tó wà lẹ́yìn lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà mú) lẹ máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà línkì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára. Tó bá jẹ́ pé ó kàn tutù díẹ̀ lókè, bí ẹni tó làágùn, ìyẹn ò tíì burú. Àmọ́ tí ọ́ìlì bá ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, tí eruku ti rọ̀ mọ́ ọn tó nípọn bí ẹ̀kọ tó gbẹ lára ìkòkò, ìyẹn ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà yíká: tó bá ń lọ sókè sódò, sókè sódò bíi páànù, ó ti pẹ́ tí táyà yẹn ti ń fò lórí títì dípò kó máa yí.

Èyí tí gbogbo wa máa ń ṣe, ká ti igun mọ́tò sísàlẹ̀ ká wò ó bóyá á fò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó dáa fún Camry. Lára mọ́tò spọ́ọ̀tì ó máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí sípíríǹgì ẹ̀ le, agbára apá yín ò lè tì í débi tí ṣọ́ọ̀kì á ti fi ara ẹ̀ hàn. Tó bá fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú dájú. Tí ò bá fò, ìyẹn ò sọ pé ó yè.

Àyẹ̀wò: ẹ yẹ kẹ́ ẹ lè fìka tọ́ ṣọ́ọ̀kì tó bàjẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ "mẹ́kánííkì ló sọ bẹ́ẹ̀" lẹ ní lẹ́nu, ẹ padà sókè.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ sípíríǹgì tó wà nídìí ẹ̀

Ìgbésẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń fò nìyí, òun ló sì ń jẹ owó wọn.

E46 méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan ní sípíríǹgì gbẹ̀rẹ̀fu tí BMW fi ń gbé e jáde, kí ìkejì ní ti spọ́ọ̀tì tó kúrú tó sì le jù ú lọ. Ẹ mú 7 tó gbẹ̀yìn nínú ṣáásí nọ́ńbà yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ojúewé tí wọ́n ti ń tú VIN (ìyẹn ṣáásí nọ́ńbà) BMW, ó máa kó gbogbo nǹkan tí mọ́tò yẹn gbé jáde ní fátìrì síta fún yín. Nọ́ńbà méjì lẹ̀ ń wá: 226 àti 704. 226 ni sọ́sípẹ́ńṣọ̀n spọ́ọ̀tì, 704 ni M Sport. Tẹ́ ẹ ò bá rí ọ̀kankan nínú méjèèjì, gbẹ̀rẹ̀fu ni tiyín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀tọ̀, mọ́tò ọ̀tọ̀. Tòkunbọ̀ ni, ta ló mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín l'Amẹ́ríkà tàbí ní Jámánì ti ṣe sí i? Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́. Tí sípíríǹgì bá pupa tàbí tó ní àwọ̀ búlúù tó ń dán, ẹnì kan ti yí i padà. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìdí ẹ̀ mú ṣóńṣó, tó hàn pé wọ́n fi ẹ̀rọ gé e, hun, ẹ kí ara yín kú wàhálà. Sípíríǹgì tí wọ́n gé kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè bá a gbé láyé yìí, ẹ ra sípíríǹgì kọ́kọ́. Bákan náà lẹ wo ìdí sípíríǹgì ẹ̀yìn dáadáa, ibi tó ti jókòó nísàlẹ̀, ó máa ń kán níbẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀.

Nínú E46, iwájú àti ẹ̀yìn ò rí bákan náà o. Níwájú, sípíríǹgì wọ ṣọ́ọ̀kì lára ni, ẹ ò lè yọ ọ̀kan láì fọwọ́ kan ìkejì. Lẹ́yìn, kálukú ló wà láyè ẹ̀, sípíríǹgì lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀kì lọ́tọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀yìn rọrùn, tí owó iṣẹ́ iwájú sì máa ń ju ti ẹ̀yìn lọ. Mẹ́kánííkì tó bá gba owó iwájú fún ẹ̀yìn ń fi yín ṣeré ni.

Kí ló dé tí kíkúrú sípíríǹgì fi kan ṣọ́ọ̀kì? Nínú ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá irin dídán kan ló ń wọlé tó ń jáde nínú ọ́ìlì. Tí sípíríǹgì bá kúrú, mọ́tò á jókòó sísàlẹ̀, ọ̀pá yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán kẹ́ ẹ tó kúrò níbi tẹ́ ẹ páàkì sí. Gálọ́ọ̀pù kékeré báyìí, ó ti dé ìdí, ó ti forí sọ bump stop (ròbà tó ń dá ọ̀pá dúró kó má lu ìdí). Ẹ̀yin á ní ṣọ́ọ̀kì le, kò le o, ó ti tán ni. Nítorí èyí làwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì ṣe ní gígùn méjì. Bilstein, bí àpẹẹrẹ, B6 ni wọ́n ṣe fún mọ́tò tó wà ní gíga tó bá wá láti fátìrì, B8 ni wọ́n gé kúrú fún èyí tí wọ́n ti fi sípíríǹgì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ fi téèpù wọn láti àárín rím dé etí fẹ́ńdà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ọ̀tún wé òsì. Tó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, sípíríǹgì kan ti kán tàbí wọ́n ti pààrọ̀ ẹyọ kan, ẹ má ra ohunkóhun títí tẹ́ ẹ fi máa rí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan irú ṣọ́ọ̀kì tí ọ̀nà yín lè gbà

Irú méjì ló wà. Èyí tó ní páìpù méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, pẹ̀lú gáàsì díẹ̀ tí agbára ẹ̀ ò pọ̀. Àti èyí tó ní páìpù ẹyọ kan, tí wọ́n ti gáàsì naitrójìn mọ́ ọn nídìí pẹ̀lú agbára gidi.

Páìpù méjì máa ń rọ̀ díẹ̀, owó ẹ̀ ò gara, tí òkúta bá sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó tẹ̀ wọlé díẹ̀ ó ṣì lè máa ṣiṣẹ́, nítorí páìpù inú ni iṣẹ́ wà. Àléébù ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ń sáré lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ, ṣọ́ọ̀kì á rọ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa sinmi. Ti páìpù kan kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ooru tètè ń jáde lára ẹ̀, gáàsì ò sì jẹ́ kí ọ́ìlì hó. Ṣùgbọ́n tí òkúta bá tẹ páìpù ẹ̀ wọlé pẹ́nrẹ́n, písìtìn inú ẹ̀ á há, ó parí.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jà sí i. Tó bá jẹ́ pé inú Èkó lẹ̀ ń wà á sí jù, ṣọ́ọ̀kì tó bá èyí tó wá láti fátìrì mu ni kẹ́ ẹ rà: Sachs, tí BMW fúnra wọn ń lò, tàbí Bilstein B4. Ẹ rí i dájú pé ti sọ́sípẹ́ńṣọ̀n tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 2 ni, nínú kátálọ́ọ̀gì wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i bóyá ó wà fún mọ́tò tó ní spọ́ọ̀tì tàbí èyí tí ò ní. Ìlà kékeré yẹn ni gbogbo èèyàn ń fojú fò. Tó bá jẹ́ pé Èkó sí Ìbàdàn lẹ̀ ń lọ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí mọ́tò dúró gbọn-in tẹ́ ẹ bá ń yà, B6 tàbí B8 tọ́ sí i, bí gíga mọ́tò yín bá ṣe rí. Koni aláwọ̀ yẹ́lò náà dáa, ó ní ibi tí wọ́n ti ń yí i kó le tàbí kó rọ̀, àmọ́ ìgbà tí ọ̀pá ń jáde bọ̀ nìkan ni wọ́n lè yí, kì í ṣe ìgbà tó ń wọlé, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ lè yí i títí tí gálọ́ọ̀pù ò fi ní dùn yín mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan.

Coilover ńkọ́, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó so pọ̀ tí wọ́n lè yí gíga ẹ̀? Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn ẹ̀ nítorí fọ́tò. Èyí tó dáa wọ́n gan-an, èyí tí ò wọ́n le bí pákó, ojú ìdè tí wọ́n ń yí láti fi gbé e sókè sódò á sì dípẹtà lẹ́yìn òjò ọdún kan tí ò fi ní yí mọ́. Fún ọ̀nà wa, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lámọ̀ràn ẹ̀.

Ìkìlọ̀ ńlá kan: kẹ́ ẹ tó sọ pé ṣọ́ọ̀kì ló le, ẹ wo táyà. E46 tó ń wọ 205/55 R16, ròbà tó wà láàárín rím àti títì fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 11. Èyí tó ń wọ 225/40 R18, sẹ̀ǹtímítà 9 péré ni. Sẹ̀ǹtímítà méjì tó lọ yẹn, ẹ̀yìn yín ló ń san owó ẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì B8 tó dáa sí ti gbẹ̀rẹ̀fu tí mọ́tò ṣì ń gbá a, ìgbà tó wọ rím 16 ló tó rẹ́rìn-ín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀kì

Èyí ò gùn. Méjì-méjì ni wọ́n ń ra ṣọ́ọ̀kì, iwájú méjì tàbí ẹ̀yìn méjì, láìsí àní-àní. Tiwájú E46 ní ọ̀tún, ó ní òsì, nítorí ibi tí wáyà ABS àti páìpù bírékì ń jókòó sí, ẹ má gba ọ̀tún méjì. Kẹ́ ẹ kọ àwọn wọ̀nyí kún un: mounting orí pẹ̀lú bíárìn ẹ̀ fún iwájú, mounting ẹ̀yìn méjì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, bump stop, ròbà tó ń bo ọ̀pá kí iyanrìn má wọ̀ ọ́, ròbà tí sípíríǹgì ń jókòó lé, àti nọ́tì tuntun fún gbogbo ibi tí nọ́tì tó ń di ara ẹ̀ mú bá wà. Tẹ́ ẹ bá fò ó, owó iṣẹ́ àṣetúnṣe lẹ máa san.

Ìgbésẹ̀ 5: Nínú ọjà

Ládípọ̀ ni o, ASPAMDA ní Trade Fair ni o, Gate n'Ìbàdàn ni o, òfin kan náà ni. Ẹ má bèèrè pé "ṣé ẹ ní ṣọ́ọ̀kì E46?" Gbogbo wọn ló ní in. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà párátì, kí wọ́n gbé e wá, kẹ́ ẹ kà á lára ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀. Nọ́ńbà ara páálí ò tó, páálí ṣeé pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Lọ́jọ́ kan báyìí nínú ọjà kan tí mi ò ní dárúkọ, bọ̀ọ̀dá kan gbé ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì sí mi níwájú, dúdú kìrìkìrì, ó ń dán.

"Alàájì mi, Jámánì tààrà ni o. Ẹ wo ojú ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tòkunbọ̀ ni àbí tuntun?"

"Tòkunbọ̀ tó mọ́ ni. Wọn ò tíì lò ó tó oṣù mẹ́fà."

Mo gbé ọ̀kan sókè, mo yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo fi ẹnu ẹ̀ ha ìdí ẹ̀ níbi tí ojú ò ti ní tètè rí i. Dúdú ṣí kúrò bí èèpo ẹ̀yìn ìṣu, ìpẹtà pupa yọjú lábẹ́ ẹ̀. Mo wá fi ìka ra etí ibi tí ọ̀pá ti ń wọlé, ìka mi jáde pẹ̀lú ọ́ìlì àti pẹ́ǹtì tí ò tíì gbẹ tán. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò tiẹ̀ bínú o, ó kàn ní "ẹ jẹ́ n gbé òmíì wá", bí ẹni pé èyí àkọ́kọ́ ni ìdánwò. Mo kí i, mo bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn mo ti ra irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, mi ò ha á, ó sì ti ń da ọ́ìlì kí n tó délé. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, owó ìyẹn ló kọ́ mi.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà dandan, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé e dúró, ẹ ti ọ̀pá wọlé dé ìdí, ẹ tú u sílẹ̀. Ti gáàsì á padà jáde fúnra ẹ̀ jẹ́jẹ́, láì dúró lójú ọ̀nà. Tó bá jókòó síbẹ̀, gáàsì ti lọ. Tẹ́ ẹ bá ń tì í tẹ́ ẹ sì rí ibi kan tí ọwọ́ yín kàn já wọlé láìsí ìdènà, ọ́ìlì ti dín. Ti páìpù kan máa le gan-an láti fọwọ́ tì, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ fi èékánná ra ọ̀pá láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí èékánná bá kọ́ síbì kankan, ihò kékeré yẹn ló máa gé ṣíìlì. Ẹ wo gbogbo ara ẹ̀ bóyá ẹ máa rí ojú wẹ́dà kékeré kan tó dà bí ìwọ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á lu ihò, wọ́n á da ọ́ìlì sí i, wọ́n á wá wẹ́dà ẹ̀ pa. Irú ẹ̀, kí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á.

Tuntun náà ní tiẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú Bilstein B6 àti B8, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ni, nítorí náà ohun tó ń yọ jáde lókè nípọn, kì í ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀. Tí wọ́n bá ta B8 iwájú fún yín tí ọ̀pá ẹ̀ rí bíi bírò, ayédèrú ni. Ẹ wo bí lẹ́tà ṣe rí lára ẹ̀, ẹ fi wé fọ́tò láti orí ojúewé àwọn tó ṣe é, níbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá délé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ rísíìtì: nọ́ńbà párátì, déètì, àti ọ̀rọ̀ pé ẹ lè dá a padà tí ò bá wọ̀. Ẹni tó bá ní òun ò lè kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó máa tà á fún ẹlòmíì.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀. Gígùn kan náà, nọ́ńbà tó bá ọ̀tún àti òsì mu, ọ̀pá méjèèjì jáde bákan náà. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ ẹ̀ fún yín ní ọgbà mẹ́kánííkì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ tí wọ́n máa dè é, ẹ dúró tì wọ́n

Ṣọ́ọ̀kì onípáìpù méjì tó ti ń sùn lórí pẹpẹ láti ìgbà yìí, afẹ́fẹ́ ti wọ ibi tí ò yẹ kó wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé e dúró bó ṣe máa dúró nínú mọ́tò, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde tán, jẹ́jẹ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún, títí tí ò fi ní sí ibi tó já lọ́wọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ má dá a sùn mọ́. Bí ẹ ò bá ṣe é, ó lè máa dún tọ-tọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ní wọ́n ti ta ayédèrú fún yín. Ti páìpù kan ò nílò èyí.

Ti iwájú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n fi ń di sípíríǹgì mú, méjì, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tú nọ́tì orí ẹ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n ti tẹ̀ lè pa èèyàn, kì í ṣe àsọdùn. Tẹ́ ẹ bá rí mẹ́kánííkì tó fẹ́ fi wáyà tàbí okùn dì í, ẹ kó mọ́tò yín kúrò níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta míì tí wọ́n máa ń bàjẹ́ lójú yín báyìí. Wọ́n á fi pílájà di ọ̀pá dídán mú kó má baà yí nígbà tí wọ́n ń so nọ́tì: ẹ pariwo, ojú pílájà kan ṣoṣo á jẹ ṣíìlì láìpẹ́. Wọ́n á jẹ́ kí bírékì kálípà so rọ̀ sórí páìpù ẹ̀: ẹ ní kí wọ́n fi wáyà so ó kọ́. Wọ́n á so bóòtù 18 ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn le nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ ń fì nísàlẹ̀. Èyí ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí kò hàn. Ròbà inú ẹ̀ á lọ́ tí mọ́tò bá ti sọ̀kalẹ̀, á máa wà ní lílọ́ lójoojúmọ́, á sì já kíákíá. Kí wọ́n kàn fi ọwọ́ mú un, kí wọ́n gbé mọ́tò sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ dé ibi tó máa ń wà, kí wọ́n tó so ó le.

Àyẹ̀wò: kí mọ́tò tó jáde, ẹ fi téèpù wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti Ìgbésẹ̀ 2. Ṣọ́ọ̀kì tó ní gáàsì lè gbé e sókè pẹ́nrẹ́n, ìyẹn dáa. Tó bá jẹ́ igun kan ló ga ju èkejì lọ fíofío, sípíríǹgì ò jókòó dáadáa sójú ẹ̀, kí wọ́n tú u.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wà á kẹ́ ẹ tó yìn ín

Ẹ kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́ lórí bọ́ǹpù àdúgbò yín, ẹ pa rédíò. Kò gbọdọ̀ sí ariwo tí ò sí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú un lọ sórí Third Mainland tí ọ̀nà bá ṣí, àwọn ibi tí wọ́n ti so afárá pọ̀ yẹn, gbàm, gbàm, ìdánwò tó dáa jù ni. Ṣọ́ọ̀kì tó bá sípíríǹgì mu á gbá lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, kó tó kan ìkejì. Tó bá ṣì ń mì nígbà tó kan ìkejì, ó rọ̀ jù fún sípíríǹgì yẹn. Tó bá ń ta yín sókè lórí àga, tí mọ́tò sì ń fò kúrò ní láìnì ẹ̀, ó le jù, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ń jókòó lórí bump stop. Láti mọ̀, ẹ fi àtíkè tàbí gíríìsì díẹ̀ sára ọ̀pá, ẹ wà á, ẹ padà wá wo ibi tí bump stop ti nu ún dé.

Alàìnmẹ́ǹtì ò ṣeé fò tí wọ́n bá ti tú iwájú, ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ gba ìwé tó ní nọ́ńbà kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Táyà tó ti ní páànù lójú ò ní padà tẹ́jú o, á ṣì máa hun bí oyin fún ìgbà díẹ̀, ẹ má dá ṣọ́ọ̀kì tuntun lẹ́bi.

Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára, ẹ wò ó bóyá ó gbẹ. Kẹ́ ẹ ṣí búùtù, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín nọ́tì 13 méjì yẹn, kí ẹlòmíì ti mọ́tò sísàlẹ̀. Tí nǹkan kan ò bá ta yín lọ́wọ́, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà.